Àfọ́kù Bàálù Stinson ní Igbó Òkè Lamington

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àfọ́kù bàálù Stinson gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tí ó gbára, kí ó sì jí rìn. Láti ilé àlejò àwọn ẹbí O'Reilly, ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Queensland ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, títí dé àfonífojì tí odò Christmas Creek gbà kọjá ní apá kejì òkè, ìrìn náà ju 30 kìlómítà lọ, inú igbó kìjikìji sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí arìnrìn-àjò yóò bá lójú ibẹ̀ kò tó nǹkan: irin díẹ̀ tí ó ti dípẹtà tí ó sì ti wọ́, lórí ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà bò. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ lè rò pé òun ti fi ẹsẹ̀ òun wọ́lẹ̀ lásán.

Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 1937, gbogbo Ọsirélíà ni ó ń wá irin wọ̀nyí. Wọ́n wá a lójú òkun, wọ́n wá a lẹ́bàá odò, wọ́n fi ọ̀pọ̀ bàálù wá a. Ibi tí wọ́n sì ti wá a jù lọ fi ohun tí ó ju 500 kìlómítà lọ jìnnà sí ibi tí ó wà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ lápò ṣòkòtò. Òwe náà bá ọ̀ràn yìí mu débi pé ó yẹ kí a wádìí bí ó ti ṣẹlẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ó ń kọ́ ìtàn tàbí tí ó ń kọ́ni ní ìtàn. Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀rí ni wọ́n ṣe ṣìnà. Ẹ̀rí pọ̀ lọ́wọ́ wọn rẹpẹtẹ.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Àwọn ọmọ onílẹ̀, ẹ̀yà Yugambeh, ni wọ́n kọ́kọ́ ni òkè wọ̀nyí, Woonoongoora sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Nígbà tí òyìnbó gba ilẹ̀ náà, wọ́n fi orúkọ Lord Lamington, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Queensland láti 1896 sí 1901, sọ ọ́. Ní 1911, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìdílé O'Reilly gba ilẹ̀ sórí òkè náà láti máa sin màlúù fún wàrà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1915, ìjọba sọ gbogbo igbó tí ó yí wọn ká di igbó ọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé. Báyìí ni àwọn O'Reilly ṣe di ará ilé kan ṣoṣo láàárín aginjù. Ọ̀nà kò dára, wàrà kò sì ṣeé gbé lọ sọ́jà bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo igbó, ìdílé náà sì ṣí ilé àlejò ní 1926. Bernard O'Reilly, tí a bí ní 1903, wà lára wọn. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń rin igbó náà kiri.

Igbó náà kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Òkè tí ó pín ìpínlẹ̀ Queensland àti New South Wales níyà ga ju 1,000 mítà lọ, kùrukùru sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Lórí ṣóńṣó rẹ̀ ni ìran igi kan wà tí ó ti wà láyé kí ilẹ̀ Ọsirélíà àti ilẹ̀ yìnyín ti ìhà gúúsù ayé tó pín níyà. Ìsàlẹ̀ igi wọ̀nyẹn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Igi kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń jó ni lára ju èsìsì tiwa lọ, bẹ́ẹ̀ ni eṣúṣú ń dúró de ẹlẹ́sẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti rin. Ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún kan sì tún wà tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ní lọ́yà, nítorí pé bí ó bá ti fi ẹ̀gún kọ́ ènìyàn láṣọ, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí bàálù bá já sínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ewé a padé lórí rẹ̀ bí omi ti í padé lórí òkúta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Kejì, 1937, bàálù Stinson kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́ta gbéra ní pápá Archerfield ní ìlú Brisbane. Ilé-iṣẹ́ Airlines of Australia ni ó ni ín, Sydney ni ó ń lọ, ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ dúró ní ìlú Lismore. Ènìyàn 7 ni ó wà nínú rẹ̀: Rex Boyden tí ó ń wà á, Beverley Shepherd tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀, àti èrò 5. Àwọn èrò náà ni Graham, Fountain tí ó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Westray tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlú Ọba, Binstead, àti Proud. Ìjì ń jà lọ́jọ́ náà, ìkùukùu sì ti wálẹ̀ bo orí òkè.

Bàálù náà kò dé Lismore. Níhìn-ín ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n, kì í ṣe pẹ̀lú ìwà òmùgọ̀. Bí ojú ọjọ́ kò bá dára, àwọn awakọ̀ bàálù a máa fo Lismore dá, wọn a sì gba Sydney lọ tààrà. Nítorí náà, nígbà tí Lismore kò rí i, èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn ni pé Boyden ti kọjá lọ. Nígbà tí Sydney náà kò rí i, wọ́n gbà pé ibi kan ní tòsí Sydney ni nǹkan ti ṣe é.

Ẹ̀rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Láti ìlú dé ìlú ní etí òkun New South Wales ni àwọn ènìyàn ti jáde wá láti jẹ́rìí pé àwọn rí bàálù náà tàbí pé àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìkùukùu. Ẹ̀rí kan ń tẹ̀lé òmíràn lọ sí gúúsù, títí wọ́n fi dé ẹ̀bá odò Hawkesbury, tí kò jìnnà sí Sydney mọ́. Bí a bá to àwọn ẹ̀rí náà sórí àwòrán ilẹ̀, wọn a dọ́gba bí ẹni tò ìlẹ̀kẹ̀: bàálù ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó sì pòórá. Ta ni yóò rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbà á? Àwọn bàálù tí ń wá a ṣí lọ sí gúúsù, ọkọ̀ ojú omi ń wo etí òkun, àwọn ìwé ìròyìn sì ń gbé e láràárọ̀. Irú wíwá bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí ní Ọsirélíà títí di ìgbà náà.

Kò sí ìdí láti rò pé àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyẹn jẹ́ òpùrọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ lórí rédíò pé a ń wá bàálù kan, a rántí pé òun gbọ́ ohùn kan lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Bí ó bá sì ti gbọ́ pé ìhà ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ti rí i, ohùn náà a di ti bàálù náà gan-an. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́rìí tí ó dà bí ẹni pé wọ́n pọ̀ yìí lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ní tòótọ́, nígbà tí ó bá jẹ́ pé ìròyìn kan náà ni gbogbo wọn fi ń tún ìrántí wọn ṣe. Òpìtàn tí ó bá kàn ń ka iye ẹnu tí ó sọ̀rọ̀, tí kò bèèrè ibi tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ti gbọ́ ọ, yóò máa wá bàálù sínú òkun.

Ní àkókò yìí, àwọn tí a ń wá wà lórí òkè, kò sì tó 100 kìlómítà láti ibi tí wọ́n ti gbéra. Bàálù náà ti rọ́ lu igi nínú ìjì, iná sì sọ. Boyden, Shepherd, Graham àti Fountain kú síbẹ̀. Westray, Binstead àti Proud jáde nínú iná náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Proud ti ṣẹ́, kò sì lè dìde. Ní ọjọ́ kejì, Westray, tí ara rẹ̀ le díẹ̀ ju tiwọn lọ, gbéra láti lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ó tẹ̀ lé ìṣàn odò lọ sísàlẹ̀, èyí tí ó bá ọgbọ́n mu, nítorí pé bí ènìyàn bá tẹ̀ lé odò, yóò dé ibi tí ènìyàn ń gbé nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò mọ igbó náà, kò sì mọ bí odò ibẹ̀ ṣe ń já láti orí àpáta. Kò padà wá.

Àwọn méjì tí ó kù dúró. Binstead kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, síbẹ̀ òun ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò láti bu omi wá fún Proud. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, agbára rẹ̀ tán tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rá kòrò lọ, tí ó sì ń rá kòrò bọ̀, títí ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ fi bó. Èso igbó díẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Ìdin wọ ojú egbò Proud. Ohun ẹ̀rù ni èyí lójú ẹni tí ó ń wò ó, ṣùgbọ́n ìdin a máa jẹ ẹran tí ó ti kú nínú egbò, kí ó má baà ran ìyókù, a sì gbà pé èyí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà jẹrà pa á. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní gúúsù lọ́hùn-ún, wíwá náà ti ń rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà pé òkun ni ó gbé bàálù náà mì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan yìí ni Bernard O'Reilly bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ohun tí ó ṣe rọrùn débi pé ó lè ti ni lójú. Ó gbọ́ láti ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò tí ń sin màlúù ní àfonífojì pé wọ́n rí bàálù náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, tí ó fò kọjá nísàlẹ̀ ìkùukùu, tí ó sì doríkọ òkè. Kò sí ẹnikẹ́ni ní apá kejì òkè tí ó sọ fún un pé òun rí i kí ó jáde. Ó mú àwòrán ilẹ̀, ó fa ìlà tí bàálù náà ń tọ̀ gba orí òkè, ó sì wo iye ibi gíga tí ìlà náà gbà kọjá. Ibi gíga mẹ́rin péré ni. Ó pinnu láti fi ẹsẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ẹlẹ́rìí yìí àti àwọn ti gúúsù yẹ ní àkíyèsí. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí wà ní ojú ọ̀nà tí bàálù náà gbọ́dọ̀ gbà ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ìròyìn kankan tó jáde. Bàálù kì í sábà fò sún mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí oko wọn nínú ìjì. Wọn kò sì rò pé àwọn ń sọ ohun ńlá kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni lójú wọn, bóyá ìyẹn ni kò fi jẹ́ kí ó dé etí àwọn tí ń pàṣẹ wíwá náà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń pinnu ọ̀nà tí a óò gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 27, O'Reilly di búrẹ́dì, àlùbọ́sà, tíì àti ṣúgà díẹ̀, ó sì wọ igbó lọ, òun nìkan. Inú igbó ni ó sùn mọ́jú. Nígbà tí kùrukùru ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti orí òkè Throakban ni ó ti rí ohun kan ní ìwọ̀n máìlì 8 sí ibi tí ó dúró: igi kan tí ewé rẹ̀ pọ́n láàárín igbó tí gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹlòmíràn ì bá wò ó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dàgbà nínú igbó náà mọ̀ pé ewé kì í wọ́wé níbẹ̀ bí ti ọ̀dàn, pé iná kì í sì í jó igbó tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan tí kì í ṣe ti igbó ni ó sun igi yẹn.

Máìlì 8 yìí gbà á ní gbogbo ọjọ́. Láti ibi tí ó ti rí igi náà ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó, igi náà sì farasin fún un. Ohun tí ó fi ń tọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ìmọ̀ bí ilẹ̀ náà ṣe gùn àti bí ó ṣe dagun. Ó ń fi ọwọ́ ya ìtàkùn, ó ń gun ọ̀kan, ó ń sọ̀ nínú òmíràn. Nígbà tí ó yá, ó ké kúùì, ariwo tí àwọn ará Ọsirélíà fi ń pe ara wọn nínú igbó bí àwọn ọdẹ tiwa ti ń hó sí ara wọn. Ohùn kan dáhùn. Ó tẹ̀ lé ohùn náà, ó sì bá Binstead àti Proud láàyè. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ní ìkà tiwọn, ọjọ́ kẹwàá ní ìkà Yorùbá. Tíì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n mu ún, wọ́n bèèrè bí Bradman ti ń ṣe sí nínú ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì tí Ọsirélíà ń bá Ìlú Ọba ṣe, ìbéèrè tí àwọn ará Ọsirélíà kò tíì dẹ́kun láti máa fi ṣe ẹ̀rín.

O'Reilly kò lè dá gbé wọn. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ó sì tẹ̀ lé odò lọ sísàlẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà tí Westray gbà. Ó rí ipa ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì rí ibi tí ó ti ṣubú láti orí àpáta tí omi ń já. Síbẹ̀ Westray ti wọ́ ara rẹ̀ lọ síwájú lẹ́yìn ìṣubú náà. Nísàlẹ̀ ni O'Reilly ti bá a, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti òkúta, sìgá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kú.

Àwọn àgbẹ̀ tí ń bẹ ní àfonífojì Christmas Creek ni O'Reilly kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. Àwọn ọkùnrin fi màlúù sílẹ̀, wọ́n mú àdá àti àáké, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà lóru, dókítà kan sì bá wọn gòkè. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì sórí ibùsùn onígi, wọ́n ń fi wọ́n lé ara wọn lọ́wọ́ láti èjìká dé èjìká lórí ilẹ̀ tí ènìyàn kan kò lè dá dúró lé lórí, títí wọ́n fi gbé wọn dé ilẹ̀ títẹ́jú nígbà tí oṣù Kẹta bẹ̀rẹ̀. Binstead àti Proud yè. Proud, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìwakùsà, di gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi oyè Sir dá a lọ́lá nígbẹ̀yìn.

Òkìkí O'Reilly kàn. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu, bí ẹni pé ẹ̀mí kan ni ó fi ojú ọ̀nà hàn án. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀, Green Mountains, tí ó jáde ní 1940; a sì ṣe sinimá rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n ní 1987, ọdún 12 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó dára kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ìyìn tí ó sọ ọ́ di aríran ń gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí nǹkan kan nínú ohun tí ó fi ṣàwárí wọn tí kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó àwọn aláṣẹ láti ọjọ́ kìíní: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbẹ̀ àti àwòrán ilẹ̀ kan. Bí ẹnìkan bá ti lọ bèèrè ní àfonífojì náà ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì, bóyá Westray ì bá wà lára àwọn tí a gbé sọ̀kalẹ̀. Ìtàn kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ní ti dájú. Ó kàn lè fi déètì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Lónìí, ère O'Reilly àti ti àwọn méjì tí ó rí wà ní ilé àlejò náà, ọ̀pọ̀ àlejò sì ń wò ó láìwọ igbó rárá. Àwọn tí ó bá wọ igbó lọ, tí wọ́n rí irin dídípẹtà wọ̀nyẹn tán, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà jáde, lẹ́bàá odò. Ọ̀nà náà le níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Kí wọ́n tó dé oko àwọn ọlọ́sìn màlúù, wọn a kọ́kọ́ dé ibi tí sàréè kan wà nínú igbó nítòsí odò. Westray ni wọ́n sin síbẹ̀.